Tí wọ́n bá ní àga oníkẹ̀kẹ́ lásán ti tó fún aláìsàn yín

Ẹ kú iṣẹ́ o, ẹlẹgbẹ́ mi. Mo ka ohun tí ẹ kọ nípa bàbá tí ọ̀pá ẹ̀yìn rẹ̀ fara pa, tí kò mọ nǹkan kan lára mọ́ láti àyà dé ẹsẹ̀. Ẹ kọ lẹ́tà béèrè àga oníkẹ̀kẹ́ tó ṣeé dà sẹ́yìn tìjókòó tẹ̀yìn, pẹ̀lú tìmùtìmù tí kò ní jẹ́ kí egbò yọ nídìí, àwọn tó ń sanwó ìtọ́jú sì dá ìwé padà pé àga lásán ti tó o. Ó dùn mí gan-an, torí mo ti rí ẹni tí irú ìdáhùn bẹ́ẹ̀ dá padà sórí bẹ́ẹ̀dì, tí egbò jẹ ẹ́ dé egungun kí ẹnikẹ́ni tó fọwọ́ sí ìwé rẹ̀.

Ibi tí mo rò pé lẹ́tà yín ti kọsẹ̀ ni ibi tí ẹ ti kọ ọ́ pé àga náà "yóò jẹ́ kí ayé rọ̀ ọ́ lọ́rùn". Òótọ́ ni, àmọ́ ẹni tó ń ka lẹ́tà kò rí bàbá yìí rí. Ìwé òfin ló tẹ́ síwájú, ìrọ̀rùn kò sì sí lára ohun tí òfin ní kó sanwó fún. Ohun tó ń wá ni pé kí ni ara aláìsàn yìí kò lè ṣe, kí ni yóò ṣẹlẹ̀ sí i bí kò bá rí nǹkan yìí lò, kí ló sì dé tí èyí tí owó rẹ̀ kéré kò fi lè ṣiṣẹ́ náà. Ẹ kọ ọ́ pé bàbá kò lè fọwọ́ gbé ara rẹ̀ sókè lórí ìjókòó, pé kò ní mọ̀ nígbà tí ìjókòó bá ti ń pa á lára, pé egbò ti yọ níbẹ̀ rí. Ẹ kọ ìgbà tí egbò náà yọ, bó ṣe fẹ̀ tó, bó ṣe jìn tó, àti iye wákàtí tó fi ń jókòó lóòjọ́.

Ẹ fi òǹkà tì í lẹ́yìn. Bí òǹkà Braden, èyí tí a fi ń díwọ̀n ewu egbò ìjókòó àti ìdùbúlẹ̀, bá jẹ́ 18 tàbí tó dín sí i, aláìsàn wà nínú ewu egbò, bó bá sì ṣe ń relẹ̀ ni ewu ń pọ̀ sí i. Ẹ kọ agbára iṣan láti 0 (iṣan kò ṣiṣẹ́ rárá) dé 5 (agbára rẹ̀ pé), ẹ wọn ìbú ìdí àti gígùn itan ní sẹ̀ǹtímítà. Fún àgbàlagbà tó ṣì ń rìn, ẹ ka ìṣẹ́jú àáyá tó fi dìde lórí àga, tó rin mítà 3, tó yí padà, tó sì jókòó. Bó bá tó ìṣẹ́jú àáyá 12, ewu ìṣubú ń bẹ níwájú.

Dídà sẹ́yìn ni wọ́n sábà máa ń gé kúrò. Wọ́n á ní kí ẹ mú àga tó jẹ́ pé ẹ̀yìn rẹ̀ nìkan ló ń lọ sílẹ̀, torí owó rẹ̀ dínkù. Ẹ má gbà fún wọn láìṣàlàyé. Bí ẹ̀yìn àga nìkan bá lọ, ìgbáròkó á ṣí, ara á máa yọ̀ lọ síwájú, awọ ìdí á máa fi ara ha ìjókòó, ẹsẹ̀ tó máa ń le gan-an sì lè bẹ̀rẹ̀ sí í gbọ̀n. Bí ìjókòó àti ẹ̀yìn bá jọ dà pọ̀, ìgbáròkó kò ní yí ipò padà, ìwúwo ara á kúrò ní ìdí bọ́ sí ẹ̀yìn. Ẹ kọ ìwọ̀n rẹ̀ pẹ̀lú, torí bí dídà náà kò bá tó nǹkan bí 30 dígírì, ìtura tó ń dé ìdí kò tó nǹkan. Bẹ́ẹ̀ náà ni kí ẹ ṣe fún ìgbórílé, fún ohun tó di ìhà mú, fún tìmùtìmù. Èyí tí ẹ kò bá rí àlàyé kọ fún, ẹ fúnra yín yọ ọ́, torí ẹyọ kan tí kò ní àlàyé á mú kí wọ́n fura sí gbogbo ìyókù.

Ẹ gbé àga lásán náà fún bàbá gbìyànjú lójú yín. Ẹ kọ ohun tó ṣẹlẹ̀: ṣé ó ń ṣubú sí ẹ̀gbẹ́ kan, ṣé awọ rẹ̀ pọ́n lẹ́yìn tó dìde, báwo ló ṣe pẹ́ tó kí pípọ́n náà tó lọ? Ẹ ya fọ́tò tó bá gbà. Nínú ìlànà tí Àjọ Ìlera Àgbáyé gbé jáde ní 2008, ìgbésẹ̀ 8 ló wà nínú pípèsè àga oníkẹ̀kẹ́, ìkẹrin nínú wọn sì ni ọ̀rọ̀ owó. Àyẹ̀wò ara ti ṣáájú rẹ̀, inú àyẹ̀wò yẹn ni lẹ́tà yín ti gbọ́dọ̀ jáde wá. Ẹ má ṣe jẹ́ kí ẹni tó ń ta àga bá yín kọ ọ́.

Ẹ̀yin tí ẹ máa ń fi ìròyìn gbogbo ayé kún lẹ́tà, ẹ jọ̀ọ́, ẹ dẹ̀ ẹ́ díẹ̀. Lóòótọ́ ni Àjọ Ìlera Àgbáyé àti UNICEF sọ ní 2022 pé ó lé ní bílíọ̀nù 2.5 èèyàn tó nílò irinṣẹ́ ìrànwọ́. Ẹ gbé ìyẹn lọ bá ìjọba. Nínú lẹ́tà aláìsàn kan, àyè tí ó gbà yẹn ì bá jẹ́ ti awọ ìdí rẹ̀.

Ohun kan tó ń bà mí nínú jẹ́ ni àbùmọ́. Bí aláìsàn bá lè rin ìṣísẹ̀ mélòó kan, ẹ kọ ọ́, kí ẹ sì kọ ohun tó ń ṣẹlẹ̀ lẹ́yìn náà: èémí ń já, orúnkún ń yẹ̀, ó ń di ògiri mú. Wọn á ka àkọsílẹ̀ ojoojúmọ́ yín. Bó bá wà níbẹ̀ pé "ara ń le sí i, ó ṣe dáadáa lónìí", tí lẹ́tà sì sọ nǹkan míì, èyí tó ràn wọ́n lọ́wọ́ láti kọ̀ ni wọn á dì mú.

Ní ti lẹ́tà ìkọ̀sílẹ̀ tó wà lọ́wọ́ yín, ẹ wo gbèdéke ọjọ́ tí wọ́n fi síbẹ̀ kí ẹ tó ṣe ohunkóhun. Ohun tí wọ́n sọ gan-an ni kí ẹ dá lóhùn, ẹ má tún gbogbo ìtàn sọ. Bí wọ́n bá gbà, ẹ ní ẹ fẹ́ bá dókítà tó yẹ ìwé náà wò sọ̀rọ̀ tààrà, torí ó rọrùn láti ṣàlàyé ọ̀rọ̀ ìgbáròkó fún ẹni tó ti fọwọ́ kan aláìsàn rí. Ẹ pa orúkọ bàbá rẹ́, kí ẹ kọ gbólóhùn tí wọ́n fi kọ̀ ọ́ síbí, ká jọ wo ìdáhùn tó yẹ kí ẹ fún wọn.