Ṣé lóòótọ́ ni wọ́n gé bọ́ọ̀sì òru N29 kúrú sí Wood Green?

ÌBÉÈRÈ: Ẹ kú iṣẹ́ o, ọ̀gá awakọ̀. Ọ́fíìsì kan nítòsí Charing Cross ní London ni mo ti ń ṣiṣẹ́ ìmọ́tótó, aago kan òru kọjá ni mo sì ń ṣíwọ́. Palmers Green ni mo ń gbé. Mo gbọ́ ohùn kan tí wọ́n ń pín kiri lórí WhatsApp pé wọ́n ti gé N29 kúrú, pé Wood Green ló ń parí sí bíi 29 ọ̀sán. Látìgbà náà, Wood Green ni mo ń bọ́ sílẹ̀ sí, màá wá fẹsẹ̀ rìn délé, torí mi ò rí bọ́ọ̀sì 329 tó ń ti ibẹ̀ lọ sílé wọ̀ lóru. Mo mọ gbogbo ibùdókọ̀ ojú irin ìlú yìí lórí. Èwo ni kí n máa bọ́ sílẹ̀ sí tí ilé á fi yá?

ÌDÁHÙN: Àǹtí mi, ẹ kú ewu òru. Ẹ má bọ́ sílẹ̀ ní Wood Green mọ́. N29 kì í parí síbẹ̀. Trafalgar Square ló ti ń gbéra, á gba Camden Town àti Finsbury Park, á kọjá Wood Green, á tọ Green Lanes gba àárín Palmers Green, ó di Enfield. Ìrìn tí ẹ ń fẹsẹ̀ rìn yẹn lé ní máìlì kan, ọkọ̀ tí ẹ sì bọ́ sílẹ̀ nínú rẹ̀ ló ń ré yín kọjá lójú ọ̀nà. Ó dùn mí nígbà tí mo kà á.

Irú ohùn WhatsApp bẹ́ẹ̀ ti dé etí mi lọ́pọ̀ ìgbà, ó sì ń bí mi nínú, torí àwọn tó ń ṣiṣẹ́ òru ló ń fìyà jẹ. Ohun tó ń ṣì wọ́n lọ́nà ni pé wọ́n rò pé bọ́ọ̀sì òru ni bọ́ọ̀sì ọ̀sán tí wọ́n kàn fi N sí níwájú. Kò rí bẹ́ẹ̀! Lọ́sàn-án, 29 lè parí sí Wood Green torí pé 329 wà níbẹ̀ láti gbé èrò tẹ̀síwájú, tìréènì náà sì ń rìn. Lóru, tìréènì ti lọ sùn, 329 náà ò sí, bọ́ọ̀sì kan ṣoṣo ló máa gba iṣẹ́ gbogbo wọn ṣe. Ìdí nìyẹn tí ọ̀pọ̀ N fi ń lọ jìnnà ju ti ọ̀sán. Hammersmith ni 9 ń dé. Heathrow ni N9 ń lọ. Bow ni 8 ń parí sí, N8 ń lọ títí dé Hainault. 3 ń dúró ní Crystal Palace, N3 ń bá a lọ sí Bromley.

Kódà tí wọ́n bá gé ti ọ̀sán kúrú, ìyẹn ò ní kí wọ́n gé ti òru. Nígbà tí wọ́n ní kí 25 má dé Oxford Circus mọ́ ní 2018, N25 ni wọ́n dá sílẹ̀ kí èrò òru lè máa débẹ̀. Àwọn ọkọ̀ mìíràn wà tí kò ní N rárá, nọ́ńbà kan náà ni wọ́n ń lò tọ̀sán-tòru. Nítorí náà, nọ́ńbà nìkan kò tó fi mọ ibi tí ọkọ̀ ń lọ. Orúkọ ibi tí wọ́n kọ síwájú ọkọ̀ lókè ni kí ẹ kà. Bí ẹ bá rí Enfield, ẹ wọlé, ẹ jókòó.

Ní ti àwọn ibùdókọ̀ tí ẹ mọ̀ lórí, mo kí yín, ṣùgbọ́n kò lè mú yín délé lóru. Máàpù Tube, ìyẹn tìréènì abẹ́ ilẹ̀ London, tí Harry Beck yà, tí wọ́n tẹ̀ jáde ní 1933, ni gbogbo wa fi kọ́ ọ, kì í sì í ṣe bí ilẹ̀ ṣe rí ló yà. Leicester Square sí Covent Garden ò ju nǹkan bí mítà 260 lọ, síbẹ̀ àwọn ènìyàn ń wọ tìréènì láàárín wọn. Clapham Junction ò sí ní Clapham, Battersea ló wà. Ẹni tó ń lọ sí Edgware Road tó wọ ọkọ̀ Edgware á bá ara rẹ̀ ní òpin ìlú níhà àríwá. Trafalgar Square gan-an tí ọkọ̀ yín ti ń gbéra, ẹ ò lè rí i lórí máàpù Tube mọ́: láti 1979 ló ti di ara ibùdókọ̀ Charing Cross. Palmers Green yín náà ò sí lọ́nà Tube kankan. Tìréènì tó ń ti Moorgate bọ̀ ló ń dé ibẹ̀.

Òru Fúráìdé àti Sátidé nìkan ni ọ̀nà Tube tí wọ́n ń pè ní Piccadilly ń ṣiṣẹ́ mọ́jú. Ó lè gbé yín dé Wood Green, ṣùgbọ́n N29 náà ni ẹ ṣì máa wọ̀ níbẹ̀.

Ẹ kíyè sí ọjọ́ o. Tí ẹ bá ṣíwọ́ ní aago kan òru Mọ́ńdè, òru Sọ́ńdè ni ìwé àkókò ọkọ̀ ń pè é. Ọ̀pọ̀ ló ń wo ìlà tí kì í ṣe tiwọn, wọ́n á wá ní ọkọ̀ ò wá.

Èmi kì í ṣe agbẹnusọ TfL, àjọ tó ń bójú tó ọkọ̀ ìlú London. Iṣẹ́ ojú ọ̀nà lè mú kí ọkọ̀ yà gba ibòmíràn lálẹ́ ọjọ́ kan, ẹ yẹ ìkànnì wọn wò kí ẹ tó kúrò níbi iṣẹ́, kí ẹ sì wo lẹ́tà tó wà lókè òpó bọ́sítọ́ọ̀pù, torí òpó pọ̀ ní Trafalgar Square, kì í ṣe gbogbo wọn ni N29 ń dúró sí. Ẹ nawọ́ sí dírébà dáadáa. Ìsàlẹ̀ ni kí ẹ jókòó sí, nítòsí rẹ̀. Bí wọ́n bá sì ní kí ẹ bọ́ sílẹ̀ lójú ọ̀nà, ẹ wọ òmíràn. Tí kò bá tíì pé wákàtí kan tí ẹ fọwọ́ kan ẹ̀rọ ti àkọ́kọ́, tí ẹ sì lo káàdì kan náà, wọn ò ní gba owó mìíràn lọ́wọ́ yín.