Kọ́là tí kò dọ̀tí

Ẹ̀gbọ́n tó béèrè bóyá kí ìjọba máa ti òbí tí ọmọ rẹ̀ bá fi ilé ìwé sílẹ̀ mọ́lé, irú òbí bẹ́ẹ̀ ni mí, ẹ jẹ́ kí n dá yín lóhùn.

Irú òfin bẹ́ẹ̀ ti wà láti 2004. Pírámárì 1 dé JSS 3 ni dandan. Wọ́n á kọ́kọ́ bá òbí wí. Tó bá di ẹlẹ́ẹ̀kejì, ₦2,000 tàbí ẹ̀wọ̀n oṣù 1, tàbí méjèèjì. Lẹ́yìn ìyẹn, ₦5,000 tàbí oṣù 2. Ní Rẹ́mọ tí mò ń gbé yìí, mi ò tíì rí ẹni tí wọ́n tìtorí ẹ̀ gbé rí.

Ìdájí ni mo máa ń jáde lọ ta ìrẹsì fún àwọn onítírélà l'Ógèrè. Ọmọ mi tó wà ní JSS 2 á wọṣọ ilé ìwé, á gbé báàgì. Ní Sátidé kan tí mò ń fọṣọ, mo rí i pé kọ́là rẹ̀ kò dọ̀tí. Ọmọkùnrin ọdún mẹ́tàlá! Mo gbé ṣẹ́ẹ̀tì náà símú, epo ọkọ̀ ló ń run. Mo ṣí ìwé ìṣirò rẹ̀: ó ti tó ọ̀sẹ̀ méje tó ti kọ nǹkan síbẹ̀ kẹ́yìn. Ọ̀dọ̀ fọganáísà ló ń lọ, inú ṣọ́ọ̀bù ibẹ̀ ló ń fi yúnífọ́ọ̀mù pamọ́ sí.

Owó PTA ló fà á. Wọ́n lé e síta lójú àwọn ẹgbẹ́ rẹ̀, ó sọ fún mi lálẹ́, mo ní kó di ọjọ́ ọjà, mo sì gbàgbé. Owó ọ̀hún kò tó èrè ọjọ́ méjì mi pàápàá. Ẹ̀kọ́ ọ̀fẹ́ tí Awólọ́wọ̀, ọmọ Ìkẹ́nnẹ́ nítòsí wa níbí, bẹ̀rẹ̀ ní 1955 ló jẹ́ kí bàbá mi mọ̀wé. Ọmọ-ọmọ bàbá mi yìí ló wá ń sá fún owó PTA.

Èyí tó dùn mí jù ni rẹ́jísítà. Ojoojúmọ́ ni wọ́n ń sàmì sí i pé kò wá. Nọ́ńbà fóònù mi wà nínú ìwé kan náà, ẹnikẹ́ni ò pè mí.

Pípadà rẹ̀ kò rọrùn, torí ó ti mọ adùn owó. Ẹ̀ẹ̀mejì ló tún sá. Mo bẹ tíṣà rẹ̀ tuntun pé tó bá di aago mẹ́sàn-án tí kò rí i, kó ṣáà fláàṣì mi. Mi ò ní kó náwó. Corper àdúgbò ń bá a ṣe ìṣirò tó ti sá kọjá. Mo lọ bá fọganáísà náà jà, àmọ́ a parí ẹ̀ ní ìrọ̀rùn: kò ní gbà á mọ́, àfi ní Sátidé.