Má fọwọ́ kan àgbàdo: bí sódíọ̀mù ṣe ń di áyọ́ọ̀nù

Àbúrò mi, o ní sódíọ̀mù pàdánù ẹlẹ́kítírọ́ọ̀nù, kí ló wá dé tí wọ́n ń kọ púlọ́ọ̀sì sí i lórí, ṣebí ohun tó bá dín kù, máínọ́ọ̀sì ló yẹ ẹ́? Ohun tó gbé mi ṣubú nínú kẹ́mísírì gan-an nìyí, nígbà tí mo kọ́kọ́ ṣe ìdánwò oníwèé mẹ́wàá. Nígbà tí wọ́n ní ká fi iná mànàmáná pín iyọ̀ yíyọ́ sí méjì, mo darí sódíọ̀mù síbi púlọ́ọ̀sì, mo darí kílóríìnì síbi máínọ́ọ̀sì. Òdìkejì ló yẹ kó jẹ́; odindi ìbéèrè kan ló bá a lọ.

Kí n tó tún un ṣe, mo jókòó sílẹ̀ nílé lálẹ́ ọjọ́ kan, mo ka hóró àgbàdo 11, mo kó o jọ sáàárín àwo pẹrẹsẹ kan. Pùrótọ́ọ̀nù nìyẹn, àwọn tó ń gbé púlọ́ọ̀sì láàárín átọ̀mù. Mo ka ẹ̀wà 11, mo fi í ṣe ẹlẹ́kítírọ́ọ̀nù, àwọn tó ń gbé máínọ́ọ̀sì, mo tò ó ní agbo-agbo yí àgbàdo ká: méjì, mẹ́jọ, ó wá ku ẹyọ kan péré létí àwo. Mo mú ẹyọ kan yẹn kúrò. Mo tún gbogbo rẹ̀ kà. Àgbàdo ṣì jẹ́ 11, ẹ̀wà di 10. Mo tẹjú mọ́ àwo yẹn títí. Kò sẹ́ni tó fi púlọ́ọ̀sì kankan kún un! Inú rẹ̀ ló wà tẹ́lẹ̀, ẹ̀wà tó ń bá a dọ́gba ló lọ. Átọ̀mù tí púlọ́ọ̀sì àti máínọ́ọ̀sì rẹ̀ kò dọ́gba mọ́ báyìí ni wọ́n ń pè ní áyọ́ọ̀nù.

Kílóríìnì ní 17, agbo rẹ̀ jẹ́ 2, 8, 7. Mo gbé ẹ̀wà ọwọ́ mi síbẹ̀, ó di ẹ̀wà 18 sí àgbàdo 17: máínọ́ọ̀sì kan. Àwọn méjèèjì wá ń fa ara wọn mọ́ra. Iyọ̀ ọbẹ̀ nìyẹn.

Àṣìṣe kejì tí mo ṣe ni pé mo kọ ọ́ pé sódíọ̀mù ti di neon (gáàsì kan), torí ẹ̀wà 10 ni neon náà ní. Rárá o. Àgbàdo 10 ni ti neon. Iye àgbàdo ló ń sọ orúkọ átọ̀mù, má fọwọ́ kàn án láé.

Wọ́n á sì sọ fún ọ pé ṣe ni sódíọ̀mù ń wá ẹni tó máa gba ẹlẹ́kítírọ́ọ̀nù lọ́wọ́ ẹ̀. Má gbà. Agbára la fi ń já a gbà: kilojúùlù (òṣùwọ̀n agbára) 496 fún móólù kan, ìyẹn iye átọ̀mù kan pàtó tí wọ́n fi ń wọn nǹkan nínú kẹ́mísírì. Tí o bá fẹ́ já ìkejì, inú agbo tó ti kún lo ti máa mú un, ó di 4,562. Ìdí tó fi ń dúró sórí púlọ́ọ̀sì kan nìyẹn.

Lálẹ́ òní, ka àgbàdo 12 fún magnẹ́síọ̀mù, 8 fún ọ́síjìn, kí o to ẹ̀wà wọn fúnra rẹ. Wo iye ẹ̀wà tó máa kọjá láti àwo kan sí ìkejì, kọ ọ́ sílẹ̀ kí o tó ṣíwèé, kí o wá sọ ohun tí o rí fún mi.