Odò wo ló ń ṣàn wọ adágún Awba ní Yunifásítì Ìbàdàn, kí ló sì dé tí ẹrẹ̀ fi ń kún un?

Odò kékeré kan tí wọ́n ń pè ní Awba náà ni. Adágún ọ̀hún kì í ṣe àdáyébá. Ọdún 1964 ni wọ́n sé odò náà. Ìsédò rẹ̀ ga tó mítà 8.5, ó sì gùn tó mítà 110.

Ní ti ẹrẹ̀, ẹnu ibi tí odò ti ń wọlé ni kí ẹ wò. Omi tó ń sáré nínú ojú odò tóóró lágbára láti gbé yanrìn, ṣùgbọ́n bó bá ti dé inú adágún tó tẹ́ rẹrẹ, eré rẹ̀ á rọlẹ̀. Yanrìn ló ń kọ́kọ́ rì lẹ́nu ibẹ̀, ẹrẹ̀ kíkúnná á rìn síwájú díẹ̀. Ìdí nìyẹn tí apá ibi tí odò ti ń wọ adágún kì í fi í jìn mọ́ nígbà tí ẹ̀bá ìsédò ṣì jìn. Òjò àkọ́rọ̀ ló burú jù, torí ẹ̀ẹ̀rùn ti tú ilẹ̀ sí ìhòòhò. Omi ìdọ̀tí láti ilé gbígbé akẹ́kọ̀ọ́ tún ń mú kí ojúoró gbilẹ̀ lórí omi, bó bá sì kú, á jẹrà di ẹrẹ̀ nísàlẹ̀.

Ẹni tó bá fẹ́ wọn jíjìn rẹ̀, kó má wọn ẹ̀bá ìsédò nìkan. Á tan ara rẹ̀ jẹ. Bí wọ́n bá sì fẹ́ kó ẹrẹ̀, oṣù kìíní sí ìkejì ló dára, nígbà tí omi ti fà.