"Ta ló ń ṣèyàwó?"

Ìbéèrè: Ẹ̀yin òbí ẹgbẹ́ mi, ẹ kú iṣẹ́ ọmọ o. Ọmọbìnrin mi, ọmọ ọdún 11, ń kọ́ ijó níbi tá à ń gbé lókè òkun níbí, wọ́n sì máa ń kó wọn lọ jó níwájú àwọn adájọ́. Lọ́jọ́ Sátidé, màmá mi pè láti ilé, wọ́n béèrè rẹ̀. Mo ní, "Ó lọ jó, mà." Màmá ní, "Ta ló ń ṣèyàwó?" Kí ni ká máa pe irú ijó yìí gan-an?

Èsì: Ẹ̀rín pa mí o, ìyá wa. Màmá ò jẹ̀bi. Bí wọ́n bá ní ẹnì kan lọ jó, òde àríyá ni ọkàn àgbàlagbà ń lọ.

Ìdíje ijó ni. Ìje tó wà nínú rẹ̀ náà la ń gbọ́ nínú "sáré ìje". Kí ọmọ yín sọ pé, "Màmá àgbà, mo fẹ́ lọ fi ijó díje." Ẹ má jẹ́ kó fo "fi" yẹn o, òun ló jẹ́ ká mọ̀ pé ijó lohun ìjà.

Ọmọkùnrin tèmi, ijó "breaking" tí wọ́n fi kún eré Òlíńpíìkì ní Paris lọ́dún 2024 ló ń jó. Ìyẹn tún yàtọ̀. Ẹni méjì ló ń kojú ara wọn: ọ̀kan á jó tán, á mi àgbọ̀n sí èkejì bí ẹni ń sọ pé "ó kàn ọ́", èkejì á bọ́ sójú agbo, á forí dúró, á máa pòòyì bí òkòtó. Ìfigagbága ni mo máa ń pe ìyẹn.

Ká sòótọ́, "ìfẹsẹ̀wọnsẹ̀" ló wù mí jù. Kí ẹni méjì máa fẹsẹ̀ wọn ẹsẹ̀ ara wọn, ṣé ijó kọ́ nìyẹn? Àmọ́ àwọn agbábọ́ọ̀lù ti gbà á mọ́ wa lọ́wọ́. Mo dán an wò fún bàbá mi lẹ́ẹ̀kan, wọ́n ní, "Góòlù mélòó lọmọ náà jẹ?"

Bí ọmọ yín bá gba ipò kìn-ín-ní, ó gbégbá orókè nìyẹn. Bí kò bá gbà á, àwọn oníròyìn á ní ó fìdí rẹmi, ṣùgbọ́n àwọn olóṣèlú ni mo fi ọ̀rọ̀ yẹn sílẹ̀ fún. Ẹ kàn sọ fún Màmá pé ọmọ jó, ó fakọyọ, àwọn adájọ́ ni ò ríran dáadáa.