Ẹ Bi Wá, Ẹ Gbọ́: Ọ̀rọ̀ Pápá Kíríkẹ́ẹ̀tì Galle

Ẹ kú iṣẹ́ o, ẹ̀yin olóòtú. Àwọn ọmọ Sri Lanka tá a jọ ń ṣiṣẹ́, ọ̀rọ̀ kíríkẹ́ẹ̀tì ò kúrò lẹ́nu wọn. Pápá kan báyìí, Galle, ni wọ́n máa ń fi halẹ̀ mọ́ àwọn òyìnbó, pé tí wọ́n bá débẹ̀ ojú wọn á rí màbo. Ṣé òògùn ni wọ́n rì mọ́bẹ̀ ni? — Bọ̀dé, Leicester

Bọ̀dé, kò sóògùn kankan níbẹ̀ jàre, ilẹ̀ ni. Gúúsù Sri Lanka ni Galle wà, létí òkun, ooru ibẹ̀ kì í ṣe kékeré. Ilẹ̀ tẹ́ẹ́rẹ́ tó wà láàárín pápá, níbi tí wọ́n ti ń ju bọ́ọ̀lù sí ẹni tó di igi mú, gbígbẹ ló máa ń gbẹ, Test sì rèé, ìyẹn ìdíje gígùn tí orílẹ̀-èdè méjì máa ń gbá, ó lè gba ọjọ́ márùn-ún, kó tó di ọjọ́ kẹta ilẹ̀ yẹn á ti máa sán, bàtà àwọn tó ń ju bọ́ọ̀lù á ti hú u níbi tí wọ́n ń tẹ̀. Ẹni tó bá wá mọ bí wọ́n ṣe ń fi ìka lọ́ bọ́ọ̀lù, tó bá ti kanlẹ̀ báyìí, á yà bàrá, ẹni tó di igi mú á kàn máa na afẹ́fẹ́ ni. Ìdí nìyẹn tí kápútẹ́nì tó bá wín tọ́ọ̀sì, ìyẹn owó ẹyọ tí wọ́n ń jù sókè kí eré tó bẹ̀rẹ̀, níbẹ̀ fi sábà máa ń ní àwọn làwọn á kọ́kọ́ gbá. Ta ló fẹ́ gbẹ̀yìn lórí ilẹ̀ tó ti bàjẹ́?

Ibẹ̀ ni Shane Warne ọmọ Australia ti mú wíkẹ́ẹ̀tì rẹ̀ tó pé 500 ní 2004; wíkẹ́ẹ̀tì kan ni ẹni kan tó di igi mú tí wọ́n lé jáde. Àmọ́ ti Muttiah Muralitharan, ọmọ Sri Lanka, lèmi ò lè gbàgbé. July 2010, òun àti India, ó ti sọ pé Test òun ìkẹyìn nìyẹn, 792 ló wà lọ́wọ́ ẹ̀, ó ku mẹ́jọ kó pé 800. Ó mú méje, ó wá ku Pragyan Ojha ọmọ India nìkan. Bọ́ọ̀lù tó jù kẹ́yìn pátápátá nínú Test ló fi mú un, Mahela Jayawardene, ọmọ Sri Lanka bíi tiẹ̀, ló hán bọ́ọ̀lù náà kó tó kanlẹ̀. Ẹ ò rí nǹkan!

Mo rí i lórí tẹlifíṣọ̀n tí àwọn èèyàn jókòó sórí ògiri gíga tí wọ́n ń wòran Galle, ṣé wọn ò sanwó ni? — Ìyá Ìbejì, Ìbàdàn

Wọn ò san kọ́bọ̀, Ìyá Ìbejì. Odi ìlú ni, àwọn Potogí ló kọ́kọ́ mọ ọ́n, àwọn òyìnbó Holland gbà á, wọ́n tún un mọ. Ní 2021 tí kòrónà ò jẹ́ kí òǹwòran wọlé, òyìnbó kan tó ti ń dúró de ikọ̀ England níbẹ̀ láti 2020 gun odi yẹn lọ, ọlọ́pàá kọ́kọ́ lé e, ó padà wò ó ṣá, Joe Root, kápútẹ́nì England nígbà náà, gbá rọ́ọ̀nù 228, ìyẹn ayò tí wọ́n ń kà nínú kíríkẹ́ẹ̀tì, ó gbé igi ẹ̀ sókè kí i. Ọkùnrin yẹn fẹ́ràn nǹkan o.

Odi yẹn náà dúró nígbà tí omi òkun ya bo ìlú ní December 26, 2004, pápá tó wà nísàlẹ̀ ẹ̀ ni omi bà jẹ́. Àwọn kan ní kí wọ́n má tún un kọ́ síbẹ̀ mọ́, wọ́n tún un kọ́, December 2007 ni wọ́n padà gbá Test níbẹ̀, Jayawardene gbá rọ́ọ̀nù 213 láìjáde, Sri Lanka wá lé England dànù pẹ̀lú rọ́ọ̀nù 81 péré. Òjò ló gba England, ọ̀mì ni wọ́n ta.

Àwa ńkọ́, ṣé a ní pápá kíríkẹ́ẹ̀tì? — Kúnlé, Abẹ́òkúta

A ní in. Ọ̀kan wà ní Tafawa Balewa Square l'Ékòó. Pápá eré ẹṣin ni Galle tẹ́lẹ̀, Race Course náà sì làwọn àgbà Èkó mọ TBS sí. Àwọn ọmọbìnrin wa tí wọn ò tíì pé 19 sì ti fi rọ́ọ̀nù méjì na New Zealand ní Malaysia, January 2025.