Bàbá fẹ́ fa kọ́kọ́rọ́ yáàdì lé àbúrò mi lọ́wọ́

Àǹtí wa, ẹ kú iṣẹ́ o.

Ọmọ ọdún méjìdínlógójì ni mí, èmi ni àkọ́bí bàbá mi, Surulere la ń gbé. Bàbá bàbá mi ló dá òwò wa sílẹ̀. Mẹkáníìkì Ìjàpá, ọkọ̀ Volkswagen kékeré nì, ni wọ́n ní Èbúté Mẹ́ta. Nígbà tí àwọn òṣìṣẹ́ gba owó Údójì, àfikún owó oṣù tí ìjọba san, ní 1975, tí gbogbo ayé ń ra ọkọ̀, wọ́n bẹ̀rẹ̀ sí í ra èyí tó bá dẹnu kọlẹ̀ lọ́wọ́ ẹni tó ni ín, wọ́n á tún un ṣe, wọ́n á tà á. Àwọn náà ló ra ilẹ̀ yáàdì wa níhà Mushin. Bàbá mi gba iṣẹ́ lọ́wọ́ wọn, ó sọ ibẹ̀ di ibi tí wọ́n ti ń ta tọ́kunbọ̀. Ọdún mẹ́rìnlá rèé tí mo ti wà níbẹ̀. Èmi ni mò ń bá àwọn ẹ́jẹ́ńtì lọ sí pọ́ọ̀tù, èmi ni mò ń ṣe ìwé owó, èmi ni oníbàárà ń pè lóru bí ọkọ̀ bá yọnu.

Àbúrò mi ọkùnrin dé láti Kánádà loṣù mẹ́ta sẹ́yìn. Kò pé ọ̀sẹ̀ méjì tí bàbá pe ìpàdé, tí wọ́n ní òun ni yóò jókòó sórí àga àwọn, pé èmi ti wà nílé ọkọ. Àbúrò mi ní òun á fi ilẹ̀ yáàdì yá owó ní báǹkì, òun á fi ṣí ẹ̀ka sí Lẹ́kí. Mi ò rí oorun sùn mọ́. Gbogbo oníbàárà wà lórí fóònù mi, ó sì ń ṣe mí bíi kí n kó wọn lọ, kí n lọ dá tèmi sílẹ̀, ká wo ohun tí wọ́n máa tà.

Bàbá àgbà kú ní 1998, wọn ò kọ wíìlì. Ìyàwó méjì ni wọ́n fẹ́, ní ìlànà ìbílẹ̀. Ìyá bàbá mi bí mẹ́ta. Ìyàwó kejì bí ẹyọ kan, àǹtí wa kan tó wà ní Ìkòròdú, bàbá máa ń fún wọn ní nǹkan nígbà Kérésì. Ẹ gbà mí nímọ̀ràn.

Ọmọ Oníyáàdì, Surulere

Ọmọ mi, ẹni tí ọ̀rọ̀ yìí kàn jù lọ kò sí nínú yáàdì yín. Ìkòròdú ló wà. Ìsàlẹ̀ lẹ́tà lo fi í sí, bí ẹni tó ti tilẹ̀kùn ilé kó tó rántí pé òun ò tíì pa iná.

Kí n kọ́kọ́ mú ti ilé ọkọ kúrò lọ́nà, nítorí kò tó ohun tí à ń pẹ́ lé lórí. Bí bàbá rẹ bá ń ka èyí, kí wọ́n má bínú sí mi: ta ló sọ fún wọn pé ọmọbìnrin Yorùbá kì í jogún bàbá rẹ̀ nítorí pé ó lọ́kọ? Ọmọ ni ọmọ ń jẹ́. Bó wà nílé ọkọ, bó wà nílé bàbá rẹ̀, ìpín rẹ̀ wà níbẹ̀. Ṣùgbọ́n bàbá rẹ ṣì wà láyé, kí Ọlọ́run dá wọn sí, kò tíì kan ogún wọn rárá. Ìjókòó sórí àga òwò jẹ́ ohun tí wọ́n lè fún ẹni tó bá wù wọ́n. Ohun tí wọn ò lè fún ẹnikẹ́ni ni ohun tí kì í ṣe tiwọn.

Ibẹ̀ ni mo ti ń bọ̀. Bí ọkùnrin tó fẹ́yàwó nílànà ìbílẹ̀ bá kú láìkọ wíìlì, ilẹ̀ tó fi sílẹ̀ ti di ilẹ̀ ẹbí, ti gbogbo ọmọ rẹ̀ pátá. Ọ̀nà méjì ni Yorùbá ń gbà pín irú nǹkan bẹ́ẹ̀. Ìdí-igi ni ọ̀kan: iye ìyàwó tó bímọ la ó kà, ìdí kọ̀ọ̀kan á gba ọgbọọgba. Èkejì ni orí-ò-jorí, níbi tí a ti ń ka ọmọ lórí-lórí. Àwọn ọmọ bàbá ará Èkó kan tó ní ìyàwó mẹ́rin àti ọmọ mẹ́sàn-án jà lórí èwo ló yẹ kó lékè. Ẹjọ́ Dawodu àti Danmole ni wọ́n ń pè é, ó sì rìn títí ó fi dé iwájú Privy Council ní London, ilé ẹjọ́ tó ga jù fún wa nígbà náà. Ní 1962, wọ́n ní ìdí-igi ni àṣà wa, àmọ́ bí àríyànjiyàn bá wà láàrin àwọn ọmọ lórí iye tó kàn wọ́n, olórí ẹbí lè ní kí wọ́n lo orí-ò-jorí.

Ó yá, ìwọ tó ń ṣe ìwé owó, mú ẹ̀rọ ìṣirò rẹ wá. Ìdí méjì ló wà nílé bàbá àgbà rẹ. Bí wọ́n bá fi ìdí-igi pín in, ìdajì ilẹ̀ lọ sí ìdí ìyá bàbá rẹ, níbi tí ọmọ mẹ́ta wà. Ìdá kan nínú mẹ́fà ilẹ̀ yẹn ló kan bàbá rẹ. Àǹtí Ìkòròdú, tí ẹ ń fún ní nǹkan nígbà Kérésì, òun nìkan ló ni ìdajì. Bí ẹ bá fi orí-ò-jorí pín in, ìdá kan nínú mẹ́rin ni ti bàbá rẹ, ìdá kan nínú mẹ́rin náà ni ti àǹtí. Èyíkéyìí tí ẹ bá mú, kò síbi tí yáàdì ti di ti bàbá rẹ nìkan. Ilẹ̀ yìí kan náà ni àbúrò rẹ fẹ́ gbé lọ fún báǹkì! Lọ́yà báǹkì á béèrè C of O, á béèrè rìsíìtì, orúkọ ta ni wọ́n á sì bá lórí rẹ̀? Ti bàbá àgbà tó ti sùn láti 1998. Ọjọ́ yẹn gan-an ni Ìkòròdú á gbọ́, lẹ́nu ẹlòmíràn.

Àǹtí yẹn kì í ṣe ọ̀tá yín o. Kí o má kà mí sódì. Ó ti lé ní ọdún márùndínlọ́gbọ̀n tí obìnrin yẹn ti ń wo ilẹ̀ bàbá rẹ̀ tí ọkọ̀ kún inú rẹ̀, tí kò pe lọ́yà, tó ń gba owó Kérésì tó sì ń dúpẹ́. Irú sùúrù bẹ́ẹ̀ kò wọ́pọ̀ ní Èkó. Ṣùgbọ́n àwọn ọmọ rẹ̀ lè má ní in.

Ní ti àbúrò rẹ, mi ò ní bá ọ bú u. Ẹ̀yin méjèèjì ń sọ̀rọ̀ bí ẹni pé òwò kan wà tó dúró sójú kan tí ẹ fẹ́ jogún, bẹ́ẹ̀ ohun tí bàbá àgbà rẹ tà kọ́ ni bàbá rẹ tà. Ayé Ìjàpá ni ayé bàbá àgbà, nígbà tí Volkswagen ń to ọkọ̀ jọ ní Ọ̀jọ́, lọ́nà Badagry, tí Peugeot náà ń tò ó ní Kàdúná, tí òṣìṣẹ́ lásán ń ra tuntun. Nígbà tí SAP, ètò àtúntò ọrọ̀ ajé ìjọba, dé ní 1986 tí náírà bẹ̀rẹ̀ sí í yọ̀ ṣubú, ẹni tó ń gba owó oṣù ò lè wo ojú ọkọ̀ tuntun mọ́. Bí bàbá rẹ bá jókòó ti Ìjàpá nígbà náà, ewúrẹ́ ni wọn ì bá máa so mọ́lẹ̀ níbẹ̀ báyìí. Tọ́kunbọ̀ ló yí sí. (Mo fẹ́ràn orúkọ yẹn ṣá: orúkọ tí à ń sọ ọmọ tí a bí sókè òkun, ọkọ̀ àlòkù náà wá gbà á jẹ́.)

Ìwọ náà ti rí ìyípadà tìrẹ. Nígbà tí 2017 bẹ̀rẹ̀, ìjọba ní ọkọ̀ kò gbọ́dọ̀ gba bọ́dà orí ilẹ̀ wọlé mọ́, ẹni tó gbójú lé Kútọnu sì ní láti wá ọ̀nà pọ́ọ̀tù. Wọ́n ti bọ́dà pa pátápátá loṣù Kẹjọ 2019, ó di oṣù Kejìlá 2020 kí wọ́n tó ṣí Sẹ̀mẹ̀. Ní 2022, kọ́sítọ́ọ̀mù gbé ètò VIN (nọ́ńbà ìdánimọ̀ ọkọ̀) dé láti fi ṣírò diúti, àwọn ẹ́jẹ́ńtì sì daṣẹ́ sílẹ̀. Lẹ́yìn náà ni náírà tún já loṣù Kẹfà 2023, tí ẹni tó ti san owó ìdajì ń bẹ̀ yín pé kí ẹ má fi kún un. Ìwọ lo wà ní pọ́ọ̀tù láwọn ọjọ́ yẹn. Kánádà ni àbúrò rẹ wà. Kò mọ̀ ọ́n, kò sì lè mọ̀ ọ́n láti inú fídíò. Dípò tí wàá fi máa wò ó níwò ẹ̀gbin, mú un dání lọ sí pọ́ọ̀tù Tin Can láàárọ̀ ọjọ́ kan, kí ó dúró nínú òòrùn pẹ̀lú yín títí ọkọ̀ kan á fi jáde. Lẹ́yìn náà, jókòó kí o gbọ́ ohun tó rí tí ìwọ ò rí. Ó lè jẹ́ ọkọ̀ tó ń lo gáàsì ló ń wò, ó lè jẹ́ nǹkan mìíràn. Ti Lẹ́kí yẹn ni mi ò fara mọ́. Owó èlé báǹkì lórí gíláàsì àti ẹ̀rọ amúlétutù, nígbà tí ẹni tó fẹ́ ra ọkọ̀ ń wò ó lórí fóònù kó tó jáde nílé? Èrò tèmi nìyẹn, ẹ lè má gbà á.

Wàyí o, ìwọ gan-an. Ọ̀rọ̀ fóònù yẹn dùn mí. Kí ló mú kí èèyàn gbé owó ńlá lé ẹ lọ́wọ́ lórí ọkọ̀ àlòkù? Ó gbà pé pépà kọ́sítọ́ọ̀mù rẹ̀ kì í ṣe ayédèrú, pé wọn ò ní dá òun dúró lọ́nà Ìbàdàn gbà á, pé ẹnikẹ́ni ò yí mítà rẹ̀ padà, pé kì í ṣe èyí tí omi ti bò lókè òkun tí wọ́n wá tún un kùn. Láti Èbúté Mẹ́ta ni wọ́n ti ń kó ìgbàgbọ́ yẹn jọ. Iṣẹ́ rẹ fi kún un, ṣùgbọ́n kì í ṣe ìwọ nìkan ló ni ín. Bí o bá fẹ́ lọ dá tìrẹ sílẹ̀, ó yẹ ọ́, o tó bẹ́ẹ̀. Sọ fún bàbá lójúkojú, kí o gba ìre, kí o lọ. Má jí i gbé.

Bí o bá sì fẹ́ dúró, má béèrè àga, béèrè ìwé. Kí ẹ ya ilẹ̀ sọ́tọ̀ kúrò lára òwò. Ilẹ̀ jẹ́ ti ọmọ mẹ́rin bàbá àgbà tàbí àwọn ọmọ wọn. Kí òwò máa san owó ilẹ̀ fún wọn lọ́dọọdún, iye tí gbogbo wọn fọwọ́ sí, tó ní rìsíìtì, kì í ṣe owó Kérésì. Òwò ní tirẹ̀, ẹ sọ ọ́ di ilé iṣẹ́ aládàáni ní CAC, àjọ tó ń forúkọ ilé iṣẹ́ sílẹ̀. Orúkọ òwò lásán tí ẹnì kan fi sílẹ̀ kò yàtọ̀ sí ẹni náà; gbèsè rẹ̀ gbèsè ẹni náà ni. Nínú ilé iṣẹ́, bàbá lè pín ṣíà rẹ̀ fún ìwọ àti àbúrò rẹ nísinsìnyí tí ojú wọn là, kí wọ́n sì di èyí tó pọ̀ jù mú. Ẹni tó bá ń ṣiṣẹ́ á máa gba owó oṣù lọ́tọ̀, ìwọ pẹ̀lú. Ọdún mẹ́rìnlá, ǹjẹ́ wọ́n ń san owó oṣù fún ọ? O ò sọ ọ́ nínú lẹ́tà rẹ, mo sì fura.

Kí owó òwò sì kúrò nínú àkáǹtì bàbá fúnra rẹ̀. Ìyá mi ta aṣọ ní Balógun fún ọgbọ̀n ọdún, orúkọ rẹ̀ nìkan ni owó wà. Nígbà tó kú, báǹkì tì í pa, ó ní ká lọ gba ìwé àṣẹ ní Probate, ọ́fíìsì kóòtù tó ń rí sí ogún òkú. Ká tó gbà á, ṣọ́ọ̀bù ti bọ́, èmi àti ẹ̀gbọ́n mi ò sì kí ara wa fún ọdún mẹ́ta. Ẹ jẹ́ ká fi í sílẹ̀.

Bí wàá ṣe sọ ọ́ nìyí. Kì í ṣe nínú yáàdì níwájú àwọn alágbàtà. Àbúrò rẹ ni kí o kọ́kọ́ bá sọ̀rọ̀, fi ìṣirò ìdá mẹ́fà yẹn hàn án. Yóò balẹ̀ wọ̀ọ̀. Kí ẹ̀yin méjèèjì wá jọ lọ bá bàbá nílé láàárọ̀ kùtù, kí ìyá yín jókòó níbẹ̀, kí o kúnlẹ̀, kí òun náà dọ̀bálẹ̀. Má mú ọ̀rọ̀ àga wá rárá. Sọ pé: "Bàbá, ẹ jẹ́ ká jọ lọ kí Àǹtí ní Ìkòròdú." Wọ́n á béèrè ìdí. Nígbà náà ni kí o ní kí wọ́n mú rìsíìtì ilẹ̀ jáde.

Bó bá jẹ́ ọjọ́ Àìkú ni ẹ máa lọ, ẹ tètè jáde kí Mile 12 tó dí. Àwọn méjì yòókù nínú ọmọ bàbá àgbà, tàbí àwọn ọmọ wọn, ẹ pè wọ́n ṣíwájú kó má dà bíi pé ẹ lọ ṣe é lẹ́yìn wọn. Kí o sì gbé owó ilẹ̀ ọdún yìí dání, nínú àpòòwé, pẹ̀lú rìsíìtì tí àǹtí máa fọwọ́ sí.